Omi Inú Búùtù Sherifdeen

Lọ́jọ́ tí Sherifdeen ra búùtù, kò gbé e sínú ọ̀rá bí ọmọlúwàbí. Ó so okùn méjèèjì pọ̀, ó fi wọ́n kọ́ ọrùn, ó sì rìn láti Apakun dé Mafoluku kí gbogbo ayé lè rí i. Ìsíátù ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń so ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọléèwé pọ̀ ní méjì méjì, nítorí ìbọ̀sẹ̀ ló ń tà lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì. Kó tó gbójú sókè ló ti gbọ́ ẹ̀rín ọkọ rẹ̀ lójú títì, ó sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Sherifdeen kì í ṣe ẹni tí ń dá rẹ́rìn-ín lójú títì.

Búùtù awọ ni, pupa rẹ́súrẹ́sú, ọrùn rẹ̀ ga kọjá kókósẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ní eyín bíi táyà katakata. Tòkunbọ̀ ni. Òyìnbó kan ti wọ̀ ọ́ gun òkè tirẹ̀ níbi tí a kò mọ̀, ó wá di ti ọmọ Ìgbẹ́tì. Sherifdeen ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ níwájú ìyàwó rẹ̀, ó fi jan ilẹ̀, ó yí po, ó tún fi jan ilẹ̀. Ọkùnrin tó ti ní ọmọ ní yunifásítì o. Ìsíátù ní kó rọra, kó má dá ihò sí ilé onílé, ṣùgbọ́n inú òun náà ti ń dùn, kò kàn fẹ́ kó hàn ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ bàtà fi di ọ̀rọ̀ ńlá. Iṣẹ́ ẹrù gbígbé ni Sherifdeen ń ṣe ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ débi pé ó lè gbé àpótí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó sọ fún ọ bóyá ẹja gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀ tàbí ìwé. Ẹrù àwọn tó ń lọ Mẹ́kà, ẹrù àwọn tó ń lọ Kánádà tí wọn ò ní padà mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Òun alára kò lọ síbì kankan. Orí àpáta Ìgbẹ́tì ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sá sí tí ẹgba bàbá wọn bá dé, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti dé Èkó, ibi tó ga jù tó tíì gùn ni bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ tó wà ní Òṣòdì. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń sọ pé àwọn yóò lọ kí ilé. Lọ́dọọdún sì ni owó mọ́tò ń di owó ilé ìwé Fàthíà, ọmọ wọn kan ṣoṣo. Kò ráhùn rí, ṣùgbọ́n Ìsíátù mọ̀ pé ó ń dùn ún.

Ìdí nìyẹn tí ilé fi kún fún ayọ̀ nígbà tí Diamond kọ orúkọ Sherifdeen mọ́ ti àwọn tí yóò gun òkè. Diamond yìí, ọmọbìnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ní pápákọ̀ náà ni. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju Fàthíà lọ, ṣùgbọ́n àwọn agbẹ́rù tó tó bí i lọ́mọ ń pè é ní Àǹtí, nítorí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Òun ló dá ẹgbẹ́ agunkè sílẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Lọ́dún yìí, Chappal Waddi ni wọ́n ń lọ, lọ́hùn-ún ní Tàrábà, lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù, òkè tó ga ju gbogbo òkè Nàìjíríà lọ. Odò pọ̀ lọ́nà ibẹ̀, òtútù ibẹ̀ sì ń wọ egungun. Nígbà tí wọ́n gun òkè mìíràn lọ́dún tó kọjá, bàtà ọkùnrin kan mu omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ bó, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń gbà á pọ̀n lọ́wọ́ ara wọn títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀. Láti ìgbà náà ni Diamond ti ṣòfin: kí wọ́n tó lọ, olúkúlùkù yóò wọ bàtà rẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun, yóò sì dúró nínú báàfù omi. Ẹni tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ bá tutù, Èkó ni yóò wà. Kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí ojú-mọ̀mí.

Awọ gidi, bó ti wù kó nípọn tó, ń mu omi bí a kò bá fi nǹkan pa á. Diamond ti sọ fún wọn pé ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ lè fi ọ̀rá pa á, ọ̀rá ń bọ́ awọ, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ jù, awọ á dẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè lo ìda, ìda ń dí gbogbo ojú ihò, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mí. Ẹni tó bá sì fẹ́ lè ra èyí tí wọ́n ń fín láti inú agolo. Ìyẹn kì í ba ẹwà bàtà jẹ́, àmọ́ kì í pẹ́ ṣí. Kí kálukú yan èyí tó bá bàtà rẹ̀ mu. Ọ̀rọ̀ yìí kò le lẹ́nu Diamond rárá. Ìgbà tó dé ilé wọn ní Mafoluku, níbi tí yàrá ti kọjú sí yàrá, tí etí kan kò sì ju èkejì lọ, ló di ọ̀rọ̀ ìlú.

Wàsílátù, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Teslim, ló kọ́kọ́ dá sí i. Òrí àti àdí ló ń tà, kò sì sí àrùn tí òrí kì í wò lójú rẹ̀. Ó ní awọ ni awọ ń jẹ́, ìbáà ṣe ti ènìyàn, ìbáà ṣe ti màlúù, ohun tí kì í jẹ́ kí ọyẹ́ la ẹsẹ̀ ọmọ aráyé ni yóò lé omi kúrò lára búùtù. Ọláyanjú tó ń gbé yàrá kejì, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ oníke kan ní Ìsọlọ̀, fi ẹ̀rín yẹ̀yẹ́ dá a lóhùn. Ó ní òrí kò ju oúnjẹ èkúté lọ, pé àbẹ́là ni kí wọ́n yọ́ lórí iná kí wọ́n fi pa á, kí omi dé ibẹ̀ kó rí ògiri. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà nídìí ẹ̀rọ omi títí korobá Ìyá Teslim fi kún, tó ń dà nù, tí kò sẹ́ni tó pa ẹ̀rọ.

Sherifdeen ní tirẹ̀ ti ra agolo. Kò sì sinmi lórí agolo náà: bó bá dé láti ibi iṣẹ́, á máa ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, á máa wo àwọn òyìnbó lórí fóònù tí wọ́n ń da omi sórí bàtà, á ní kí Ìsíátù wá wo bí omi ṣe ń yí dà nù. Ìsíátù á wá wò ó. Bí kò bá wá, yóò tún pè é. Ó ti pẹ́ tí ó ti rí ojú ọkọ rẹ̀ báyìí kẹ́yìn, ojú ẹni tí ọdún kù fẹ́ẹ́rẹ́ fún. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti pinnu pé òkè yìí, ọkọ òun gbọ́dọ̀ gùn ún.

"Ẹ yan ọ̀kan, Bàbá Fàthíà," ó ní. "Búùtù ò ní dúró de ìdájọ́."

"Èyí tí kò ní jẹ́ kí ojú tì mí ni mò ń wá," ni Sherifdeen dáhùn.

Òrí ló kọ́kọ́ yàn. Bóyá ọgbọ́n ni, bóyá ẹ̀rù ẹnu Ìyá Teslim ló sì ń bà á, ìyẹn ò yé ẹnikẹ́ni. Ó fi òrí pa búùtù náà títí ó fi ń dán bí orí ọmọ tuntun, ó gbé e sóòrùn, ó sì ń dúró de òjò. Ní Mafoluku, kò dìgbà téèyàn bá dé Tàrábà kó tó rí odò. Bí òjò bá ti rọ̀, kòtò tó wà láàárín ilé wọn àti mọ́ṣáláṣí á kún, omi á dé ọrùn ẹsẹ̀, àwọn ènìyàn á máa ká aṣọ sókè. Sherifdeen ní ibẹ̀ gan-an lòun yóò ti dán an wò, bí òun bá ń lọ kírun.

Ẹ jẹ́ ká mẹ́nu kan ìjà rọ́ọ̀gì níbí, nítorí kò sí ẹni tó mọ tọkọtìyàwó yìí tí kò mọ̀ ọ́n. Ìsíátù ní rọ́ọ̀gì kan nínú yàrá, ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Sherifdeen, bó bá ṣe àlùwàlá tán lẹ́yìnkùlé, kì í nu ẹsẹ̀. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ Ààfáà ní Ìgbẹ́tì ló kọ́ ọ pé omi àlùwàlá kì í ṣe ohun tí à ń nù, pé kí a jẹ́ kó fúnra rẹ̀ gbẹ, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ń bá a kán sílẹ̀ ni. Ẹ̀kọ́ tí bàbá kọ́ni kò ṣeé fi ṣeré. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ ni ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ń hàn lórí rọ́ọ̀gì, láti ẹnu ọ̀nà dé ibi ẹní ìkírun, ẹ̀ẹ̀marùn-ún sì ni Ìsíátù ń sọ̀rọ̀. Á ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ tiyín ti kán tán, orí rọ́ọ̀gì mi ló kán sí." Ọkọ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á sì tún gbé ẹsẹ̀ tútù.

Òjò dé. Òjò tó dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó pọ̀ bó ṣe yẹ, Sherifdeen sì ń yọ̀ bí àgbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin àgbàdo. Ó ṣe àlùwàlá kíákíá, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun tuntun tí Ìsíátù fà yọ látinú ọjà rẹ̀, ó wọ búùtù, ó di okùn rẹ̀ le. Gbogbo ilé jáde wá wò ó. Ó wọ inú omi náà, ó rìn ún lọ, ó rìn ún bọ̀, ó tilẹ̀ dúró láàárín rẹ̀, ó káwọ́ pọ̀n sẹ́yìn bí alága káńsù. Ìyá Teslim ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó sì dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí tó bọ́ búùtù, ìbọ̀sẹ̀ funfun náà ti tutù, ó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ọláyanjú kò lè pa ayọ̀ rẹ̀ mọ́ra. Ó ní ṣé òun ò sọ. Wọ́n fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ òrí kúrò, àbẹ́là bọ́ sí i, wọ́n yọ́ ọ lórí sítóòfù Ìsíátù, wọ́n fi aṣọ pa á mọ́ gbogbo ojú abẹ́rẹ́, búùtù náà sì le gbagidi. Òjò tún rọ̀. Sherifdeen tún ṣe àlùwàlá, ó tún wọ ìbọ̀sẹ̀, ó tún la omi já. Ó bọ́ búùtù lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ìbọ̀sẹ̀ tutù. Ó wá kan agolo. Wọ́n fín in sára rẹ̀ títí gbogbo ilé fi ń wúkọ́. Ìbọ̀sẹ̀ tutù bí tàná.

Ọláyanjú ní ó dáa, kí wọ́n fi ìda sí ti òsì, kí wọ́n fín ti inú agolo sí ti ọ̀tún, kí wọ́n lè mọ èyí tí ń tanni. Ọgbọ́n gidi ni, Ìsíátù fúnra rẹ̀ yìn ín. Àmọ́ nígbà tí Sherifdeen bọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, òsì àti ọ̀tún tutù bákan náà bí ìbejì tó jọ sùn sórí ẹní kan. Ìyẹn ló rú gbogbo wọn lójú. Ìsíátù gbé ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì sọ́wọ́, ó fún wọn, ó yẹ̀ wọ́n wò. Ó rí i pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó yẹ kó yé òun, kò kàn lè tọ́ka sí i. Ṣúméékà kan ní Apakun yẹ búùtù náà wò nínú, lóde, ó ní kò sí ihò, kò sí ojú rírán tó tú. Ìyá Teslim wá ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé kí wọ́n béèrè bóyá òyìnbó tó ni ín tẹ́lẹ̀ kò kú sínú omi.

Ọjọ́ báàfù ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Sherifdeen kò wo fóònù mọ́. Ó ti búùtù náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní bóyá Ọlọ́run ò fẹ́, pé ẹni tí yóò gbé ẹrù ni yóò gbé ẹrù, ẹni tí yóò rìnrìn àjò ni yóò rìnrìn àjò. Ọ̀rọ̀ yìí ká Ìsíátù lára. Ó tẹ̀ síwájú, ó fa búùtù jáde, ó gbé e lé ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà," ó ní. "Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa lò, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́. Tẹ́ ò bá wá gòkè, ẹ ò ní sọ pé èmi ni mo ní kẹ́ẹ jókòó."

Bó ti wí ni wọ́n ṣe. Òrí díẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀, kí awọ má baà ya. Ìda síbi gbogbo ojú abẹ́rẹ́. Wọ́n wá fín ti inú agolo lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ìyá Teslim fọwọ́ sí i, Ọláyanjú fọwọ́ sí i, kálukú sì ń ro ó lọ́kàn pé tòun ni yóò ṣiṣẹ́ náà.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n pé jọ sí àgbàlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pápákọ̀, ní Apakun, níbi tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ǹtì. Oòrùn mú, ara àwọn ènìyàn sì yá gágá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti wọ bàtà wọn, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ òkè bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn ògiri. Diamond gbé báàfù ńlá kan sáàárín, ó pọn omi kún un. Ìsíátù tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ, ó gbé àpò ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ dání, torí ẹni tí ń ta ìbọ̀sẹ̀ kì í lọ síbi táwọn ènìyàn ti ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ẹni àkọ́kọ́ bọ́ sínú omi, ó jáde, ó gbẹ. Wọ́n hó yèè. Ẹni kejì gbẹ. Ẹni kẹta, géńdé kan tí bàtà rẹ̀ dára lójú ju ti gbogbo wọn lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ṣí, omi sì wọlé ṣòròrò. Diamond gbọn orí, géńdé náà sì lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ku ẹnì kan kó kan Sherifdeen nígbà tí wọ́n pe ìrun Alàásárì. Ó ní òun yóò ṣe àlùwàlá òun sílẹ̀, kí òun fi wọ inú omi náà pẹ̀lú orúkọ Ọlọ́run, kí òun sì bọ́ sórí ìrun ní kété tí wọ́n bá ti parí. Kẹ́tù omi àlùwàlá kan wà nídìí ògiri. Ó ṣe é tán, ó rìn wá síbi bẹ́ńṣì, ó wọ ìbọ̀sẹ̀, ó wọ búùtù, ó sì bọ́ sínú báàfù. Ìsíátù ń ka gbogbo àdúà tó mọ̀, ìgbà tó sì kà wọ́n tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Diamond ní ó tó. Sherifdeen jáde, ó jókòó, ó bọ́ búùtù. Diamond fi tíṣù tẹ ìbọ̀sẹ̀ náà, tíṣù sì mu omi.

Kò sí ẹni tó hó. Diamond fẹ́ràn Sherifdeen, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kò dùn mọ́ òun náà. Ó ní, "Ẹ máa bínú, Dádì." Sherifdeen ní kò sí ìbínú kankan, ó ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dé ojú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí tú okùn búùtù kejì. Ìsíátù kò lè wo ojú rẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ ló wò.

Ilẹ̀ ló wò tó fi rí i. Lórí sìmẹ́ǹtì gbígbẹ náà, láti ìdí kẹ́tù dé ìdí bẹ́ńṣì, ipa ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ tò lọ gbọọrọ, tútù rinrin, àtàǹpàkò àti gìgísẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń wà lórí rọ́ọ̀gì rẹ̀ lójoojúmọ́ ayé. Láti ìdí bẹ́ńṣì dé ìdí báàfù, kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan, àfi ipa eyín ìsàlẹ̀ búùtù. Ìyá Teslim, Ọláyanjú, òun, agolo, òyìnbó tó kú sínú omi: gbogbo wọn ń wá ibi tí omi ń gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ ọkọ òun ló ń gbé omi wọ inú búùtù láti ilé.

Ó mú Diamond lọ́wọ́. "Mi ò bẹ̀ ẹ́ o, ọmọ mi. Ìwọ ṣáà wo ilẹ̀."

Diamond wo ilẹ̀, ó wo kẹ́tù, ó wo ẹsẹ̀ Sherifdeen. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìgbà tí ẹ̀rín náà já, ó já pátápátá, àwọn yòókù sì sáré wá wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Sherifdeen nìkan ni kò tíì yé. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣàlàyé fún un, ó ń tọ́ka sí ipa ẹsẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ tí ń tọ́ka sí álífábẹ́ẹ̀tì, ojú ọkọ rẹ̀ sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ó rántí òrí, ó rántí àbẹ́là. Ó ní, "Ìyá Fàthíà, gbogbo ìgbà yẹn?" Ìsíátù ní gbogbo ìgbà yẹn.

Diamond ní kò sí ẹ̀bẹ̀ nínú èyí, pé bàtà lòun fẹ́ dán wò, òun ò dán kẹ́tù wò. Ó ti tíṣù bọ inú búùtù méjèèjì títí inú wọn fi gbẹ, ó sì na táwẹ́ẹ̀lì sí Sherifdeen. Sherifdeen kò gbà á. Ó wo táwẹ́ẹ̀lì náà, ó wo ìyàwó rẹ̀, Ìsíátù sì mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Bàbá tó wà ní ibojì ní Ìgbẹ́tì ló ń wò ó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Ìsíátù ti ń dúró de ọjọ́ tí òun yóò rí ọkùnrin yìí kó fi aṣọ kan ẹsẹ̀ tútù, ọjọ́ náà sì dé, òun fúnra rẹ̀ ló gba táwẹ́ẹ̀lì tó dá a padà. Ó ní kò sí ẹni tí yóò fagbára nù ún, atẹ́gùn ni yóò gbẹ ẹ́. Ó ya páálí kan lára àpótí tó wà nílẹ̀, ó ní kí ọkọ òun na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí bẹ́ńṣì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ ẹ.

Ẹni bá rí wọn lọ́jọ́ náà á rò pé ọba ló jókòó síbẹ̀. Géńdé tí bàtà rẹ̀ ṣí dìde wá gba páálí kejì, ó ń fẹ́ ti òsì. Àwọn awakọ̀ tó ń kọjá lọ́nà pápákọ̀ ń yọ orí wò. Sherifdeen ń mi ìka ẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n má gbàgbé àárín àwọn ìka, ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ máa ń fara pamọ́ sí jù. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tí ń fẹ́ kò lè fẹ́ mọ́. Ìgbà tó gbẹ tán, Ìsíátù fọwọ́ kàn án, ó mú ìbọ̀sẹ̀ funfun mìíràn nínú àpò, ó fi wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.

Sherifdeen tún bọ́ sínú omi. Diamond jẹ́ kó pẹ́ ju ti gbogbo wọn lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ojúsàájú wọ̀ ọ́. Omi ń yí lára awọ náà bó ṣe ń yí lójú ewé kókò. Nígbà tó jáde tó bọ́ búùtù, Diamond tẹ tíṣù mọ́ gìgísẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtàǹpàkò, ó wá gbé tíṣù náà sókè kí gbogbo ènìyàn rí i. Ó gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Ariwo tó sọ níbẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ dé ojú pópó. Sherifdeen, ẹni tí ń fi gbogbo ọjọ́ ayé gbé ẹrù àwọn ẹlòmíràn, gbé ìyàwó rẹ̀ sókè níwájú gbogbo ẹgbẹ́, ó sì gbé e yí àgbàlá náà ká kó tó rántí pé àwọn ò tíì kírun.

Ní Mafoluku, ìjà tuntun ṣẹ́yọ nídìí ẹ̀rọ omi. Ìyá Teslim ní òrí òun kò ṣẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀sùn èké ni wọ́n fi kan òun. Ọláyanjú ní àbẹ́là nìkan ì bá tó. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sì ń sọ, bó ti wù kó dun ẹnì kìn-ín-ní pé ẹnì kejì náà kò parọ́. Èyí tó wù kí wọ́n yàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ì bá ṣiṣẹ́.

Òjò dáwọ́ dúró, àwọn agunkè lọ sí Tàrábà. Ilé dákẹ́. Ìsíátù ń lọ Òṣòdì, ó ń bọ̀, fóònù kò wọlé, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé òkè ni, kì í ṣe ọjà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń múra láti ṣe àlùwàlá ìrun Mọ̀gàríbì nígbà tí fóònù dún. Sherifdeen ni. Afẹ́fẹ́ ń hó lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú, ohùn rẹ̀ sì ń fò bí ti ọmọdé.

Ó ní òun wà lókè. Ó ní kò sí ohun kankan tó ga ju òun lọ ní gbogbo Nàìjíríà lásìkò yìí, àyàfi Ọlọ́run àti Diamond, tó gun òkúta kan. Ó ní àwọn la odò já títí òun kò mọ iye rẹ̀ mọ́. Ó ní Ààfáà mọ́ṣáláṣí àwọn ní Mafoluku ti sọ fún òun kí òun tó kúrò nílé pé arìnrìn-àjò tó bá wọ búùtù pẹ̀lú àlùwàlá lára lè fi ọwọ́ tútù pa orí búùtù náà kó sì kírun, kò nílò kó bọ́ ọ. Òun ṣe bẹ́ẹ̀ ní orí òkè níbẹ̀, omi náà kò sì gbà láti dúró lára awọ, ó ń yí sílẹ̀, òun sì bú sẹ́rìn-ín kí òun tó lè gbé ìrun dúró.

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?" Ìsíátù bi í.

"Ó gbẹ, Ìyá Fàthíà. Ó gbẹ ju ti ìgbà tí wọ́n bí mi lọ."

Afẹ́fẹ́ gba fóònù lẹ́nu rẹ̀. Ìsíátù dúró díẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Lẹ́yìn náà ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó ṣe àlùwàlá tirẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ṣe ìparí. Nígbà tó padà dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó wo rọ́ọ̀gì náà. Láti ọjọ́ tí Sherifdeen ti lọ ló ti gbẹ, ó mọ́, ó rí gẹ́gẹ́ bó ṣe ń fẹ́ kó rí láti ọjọ́ tó ti rà á, kò sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ mọ́. Aṣọ ìnusẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìṣó níbi tó máa ń wà. Ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ tútù lé rọ́ọ̀gì, ó sì rìn ún já títí dé orí ẹní ìkírun rẹ̀.